ÒYÌNBÓ TI LỌ, ÒṢÙWỌ̀N RẸ̀ KÒ LỌ

Ẹ̀yin ará Ọ̀fàtẹ̀dó, ẹ̀yin ará Ẹdẹ àti Òṣogbo, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí ẹ wà nílé àti lóko! Ọ̀rọ̀ ìbò tún dé. Àwọn olóṣèlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé abúlé tí wọn kò dé láti ìgbà ìbò tó kọjá. Ìrẹsì ń bọ̀, áńkárá ń bọ̀, ìlù ń dún. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà á, ṣebí owó yín náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá lọ tán, tí eruku mọ́tò wọn bá rọlẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ ka ìwé yìí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ iléèwé kà á sí i létí.

Ìbéèrè kan péré ni a fẹ́ bi yín. Ẹni tó gbin iṣu ló ń dá iye lé iṣu rẹ̀ lọ́jà. Ìyá ẹlẹ́kọ ló ń sọ iye ẹ̀kọ. Alágbẹ̀dẹ ló ń sọ iye ọkọ́ àti àdá. Oníbàárà lè ná an, ó lè bínú kó bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà ni iye ti ń jáde. Kòkó ńkọ́? Ta ló ń dá iye lé kòkó?

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ gé e, tí ẹ fọ́ ọ, tí ẹ bò ó, tí ẹ sá a ni? Ṣé ẹ́jẹ́ǹtì tó ń gbé mọ́tò wá ni? Ṣé gómìnà ni? Kò sí ọ̀kan nínú wọn. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni wọ́n ti ń dá iye lé e. Ní Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń kà á, tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní iye pọ́n-ùn báyìí. Ẹ sì bi ẹnikẹ́ni tó bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí, yóò sọ fún yín pé òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí igi kòkó kan ṣoṣo hù ní gbangba. Ìlú tí kò ní igi kan ló ń sọ iye tí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún igi yóò tà á.

Àwọn kan á ní, "Ọjà ayé ni." Ọjà ayé, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣàdédé jókòó síbi tó jókòó sí. Ẹni tó bá dá ọjà, ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ ló máa ń dá a sí. Bí ọjà kòkó ṣe dé ẹnu ọ̀nà òyìnbó, ìtàn ni, kì í sì í ṣe ìtàn àtijọ́ tó jìnnà. Bàbá yín ṣe é lójú. Bàbá àwọn mìíràn nínú yín wà níbẹ̀ tó ń ru àpò.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ó jà, ó jà, kò tán. Òyìnbó wá làjà: ní 1886 wọ́n ṣe àdéhùn, ní 1893 àwọn ọmọ ogun tú bùdó ká. Ẹni bá ladìí ìjà, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alárinà yìí kò padà sílé. Ó fa àga, ó jókòó. Ní 1894, ọ̀gágun òyìnbó tí ń jẹ́ Captain Bower mú Ògèdèǹgbé, balógun Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo Èkìtìparapọ̀ tẹ̀lé lójú ogun, ó sì lé e kúrò nílùú lọ sí Ìwó. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti lè mọ ẹni tó ni ilé.

Ní 1907, ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Ó ti Èkó wá, ó gba Ìbàdàn, ó gba Ẹdẹ, ó gba agbègbè yín yìí kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rù sí ìtòsí ibùdókọ̀, wọ́n ń ra ohun oko, wọ́n ń ta aṣọ àti iyọ̀. Àwọn kan á máa sọ fún yín pé oore ni ojú irin yẹn. Àwa kò sọ pé kò wúlò. Ẹ sáà wo ibi tí ó kọjú sí. Èbúté ló kọjú sí. Ìlẹ́ṣà tí kòkó rẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, ojú irin kò dé ibẹ̀ títí di òní olónìí, nítorí kì í ṣe torí àti so ìlú wa pọ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ.

Ní 1937, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọkàn sí ibí yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó, UAC, Cadbury àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, fi orí korí. Wọ́n mulẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò gbọdọ̀ san ju iye báyìí lọ fún àgbẹ̀, àti pé àwọn yóò pín kòkó náà láàrin ara wọn. Bí àgbẹ̀ bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan, ohun kan náà ni yóò bá lọ́dọ̀ èkejì. Ní ilẹ̀ Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn àgbẹ̀ yarí. Wọ́n gbé kòkó wọn tì, wọn kò tà á, wọn kò sì ra ọjà òyìnbó, títí wọ 1938. Níbí, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Nigerian Youth Movement, dìde sí ọ̀rọ̀ náà ní Èkó. Ariwo pọ̀ débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan wá, Nowell ni alága rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì sọ pé kí wọ́n tú àdéhùn yẹn ká.

Ẹ rò pé ó tán? Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ pé òun fúnra òun ni yóò máa ra gbogbo kòkó, òun ni yóò máa sọ iye. Àwọn wo ló fi ṣe ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá a rà á? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà ni! Ohun tí wọ́n ṣe ní kọ̀rọ̀ ní 1937, tí ayé pariwo lé wọn lórí, òfin sọ ọ́ di ohun gbangba láìpẹ́ ọdún mẹ́ta. Ogun parí ní 1945. Ètò náà kò parí. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ní 1947 wọ́n pè é ní Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù kòkó ti Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé Bọ́ọ̀dù kalẹ̀ dùn létí. Wọ́n ní bí iye kòkó bá gòkè lókè òkun, Bọ́ọ̀dù yóò fi èyí tó lé pamọ́ fún àgbẹ̀. Bó bá já wálẹ̀, Bọ́ọ̀dù yóò fi èyí tó pamọ́ gbé e ró kí ìyà má jẹ ẹ́. Ta ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, ńṣe ni iye ń gòkè, tó ń gòkè. Owó tó wà nípamọ́ ń ga bí òkè. Níbo ni wọ́n pa á mọ́ sí? Ṣé Ìlẹ́ṣà ni? Ṣé Ìbàdàn ni? Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n fi ra ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gbèsè ogun dé ọrùn, pọ́n-ùn wọn ń mì, owó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso sì wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e ró.

Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ kó yé ọmọdé. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò ní ọ̀nà mọ́tò láti fi gbé kòkó jáde lóko, tí ìyàwó rẹ̀ ń fi orí ru àpò rìn ní máìlì mẹ́fà, òun ló ń yá ìjọba Lọ́ńdọ̀nù lówó. Kò sì mọ̀ pé òun ń yá ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó bi í. Kò sí ìwé tó tẹ ìka sí.

Èyí ló sì jẹ́ ohun ìyanu fún wa, nítorí kò sí ẹni tó mọ gbèsè gbà bí Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè yín káàkiri Èkìtì, Àkókó, títí dé Kàbà. Ẹ ta aṣọ láwìn, ọjọ́ pé, ẹ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, ẹ ló òṣó, ẹ ní ẹ kò ní jókòó, ẹ kò ní lọ, títí owó yóò fi pé lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ òṣómàáló ní ṣílè mẹ́ta kò lè sùn. Àwọn tó jẹ yín ní owó kòkó ọdún mẹ́wàá sùn, wọ́n hanrun.

ÀGA ÒYÌNBÓ

A kò ní fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí òyìnbó. Ní 1954, Bọ́ọ̀dù pín sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, owó àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní January 1955, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lè ka ìwé yìí láìjẹ́ pé bàbá yín lówó, ẹ mọ ibi tí ó ti wá. Nígbà tí ọmọ wa di owó náà mú, ó padà sí abúlé ní iléèwé, ní ọ̀nà, ní dispensary. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ná dáadáa, ìgbìmọ̀ Coker tú ìwé Bọ́ọ̀dù wò ní 1962, ó sì rí ohun tó rí. Síbẹ̀, ẹ fi ọdún 1955 wé ọdún 1947, kí ẹ sọ èyí tó ṣe yín láǹfààní.

Ohun tó dùn wá ni pé àwọn tó tẹ̀lé wọn fẹ́ràn àga ju iṣẹ́ lọ. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Wọ́n rí i bí òyìnbó ṣe ń jókòó sí ibi tó tutù tó ń dá iye lé òógùn ẹlòmíràn, ó wù wọ́n. Ìjọba ológun dé, àgbẹ̀ ń gba iye kékeré lórí kòkó, owó orí sì ń pọ̀ sí i, títí Àgbẹ́kọ̀yà fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1968 àti 1969. Kì í ṣe òyìnbó ni Àgbẹ́kọ̀yà bá jà. Ẹ rántí bẹ́ẹ̀.

Ní 1986 ìjọba ológun pa Bọ́ọ̀dù rẹ́ pátápátá. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ máa tà á bó ṣe wù ú. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó ń fi owó yín pamọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Ní 2024, nígbà tí kòkó kò pọ̀ ní Ivory Coast àti Gánà nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn igi, iye rẹ̀ lọ́jà ayé kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, àgbẹ̀ wa mìíràn sì rí owó tí kò rí rí láyé rẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí 2025 tó parí, iye náà ti já kọjá ìlàjì. Ẹni tó fi owó 2024 ra irin ilé, ó ń fi owó 2025 wá sìmẹ́ńtì kiri. Ta ló sọ fún un pé yóò já? Ta ló bá a fi nǹkan pamọ́? Kò sí ẹnì kan. Òyìnbó fi owó yín pamọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn tiwa kò tilẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àgbẹ̀ nìkan ló dá dúró níwájú rẹ̀ báyìí.

ÀDÉHÙN ÀBÒSÍ

Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà lórí àléfà pé ọ̀rẹ́ ni àwa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ dá àdéhùn. Àdéhùn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe máa ń ṣe é. Ní 1960, bí a ṣe ń jó ijó òmìnira, ìwé kan ti wà nílẹ̀ tó fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láyè lórí ilẹ̀ wa àti ní òfuurufú wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn ṣe ọkùnrin sí i. Ní November 1960 wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n ya bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní January 1962, ìjọba méjèèjì ya ìwé náà. Ọmọ iléèwé ló gba ohun tí àwọn bàbá ń fi sílẹ̀.

Ẹ wá wo tòní. Ní 13 February 2024, mínísítà wa àti mínísítà wọn fọwọ́ sí àdéhùn òwò tuntun ní Àbújá. Kò pẹ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé yóò ṣí ọ̀nà fún àwọn lọ́yà wọn láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà wa fárígá. Ìjọba wa sáré jáde, ó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí òun fọwọ́ sí. Áà! Ìwé kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹni méjì ń kà á, ọ̀kan ní ó wà níbẹ̀, èkejì ní kò sí níbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ wo ló ti kà á sí yín létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i? Àgbẹ̀ kòkó wo ni wọ́n pè? Bẹ́ẹ̀ òwò ni wọ́n ní àwọn ń bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, kòkó sì ni òwò wa àtijọ́ pẹ̀lú wọn.

WÚRÀ ABẸ́ ILẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi kòkó sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo ilẹ̀ tí kòkó dúró lé. Ní 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé gbogbo ohun àlùmọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọba náà kò mọ Ìpérindó, kò mọ Ìtagúnmodì, ṣùgbọ́n ó ti ni wúrà tó wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò ó.

Òmìnira dé. Ṣé a ya ìwé òfin yẹn? Rárá o! A pa orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, a kọ ìjọba àpapọ̀ sí i. Ó wà nínú ìwé òfin 1999, abala 44, ìpín kẹta, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín tó jẹ́ lọ́yà ṣí i hàn yín. Ẹ̀yin ará Ọ̀fàtẹ̀dó, orúkọ ìlú yín gan-an ń sọ pé ẹnì kan wá tẹ̀ ẹ́ dó, kì í ṣe àlejò lẹ jẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ erùpẹ̀ òkè nìkan ni tiyín. Bí ọkọ́ yín bá wọlẹ̀ jù, ẹ ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

Ní 2021, wúrà àkọ́kọ́ jáde ní ibi ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé-iṣẹ́ tó ń wà á, Thor Explorations, ti Kánádà ni, ọjà ìpín Lọ́ńdọ̀nù náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ra ìpín rẹ̀ láti ọdún yẹn. A kò sọ pé wọ́n jí nǹkan. Òfin ló fún wọn láyè. Ohun tí a ń wí ni èyí: ẹni tó ra ìpín ní Lọ́ńdọ̀nù lè tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀, kó ka iye wúrà tó jáde ní Ìjẹ̀ṣà láàrin oṣù mẹ́ta. Àgbẹ̀ tó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti orí ẹní rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò sọ fún òun. Gómìnà wo ló ti dúró lójú ìta, tó ní ẹ̀yin ará Àtàkúnmọ́sà, iye báyìí ló wọlé lórí wúrà yín lọ́dún yìí, ibí yìí ni a ná an sí?

Odò Òṣun pàápàá kò bọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń wa wúrà láìgba ìwé àṣẹ ló ba omi náà jẹ́ lápá òkè. Ní 2022, nígbà ọdún Òṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí àwọn olùjọsìn má mu omi náà. Igbó Òṣun tí gbogbo àgbáyé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005 pé kí a má jẹ́ kó bàjẹ́! Àwọn òyìnbó ń wọ bàlúùù wá wò ó, àwa tó ni ín ń fi omi rẹ̀ ṣọ́ra.

ỌMỌ TÍ A Ń KÓ LỌ NÍ TÚTÙ

Ohun tí kòkó jẹ́ lánàá ni ọmọ yín jẹ́ lónìí. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 10,000 lọ. Àwa la bí wọn, àwa la tọ́ wọn, àwa la rán wọn lọ síléèwé, wọ́n sì gbà wọ́n nígbà tí wọ́n gbó tán. A kò bá ọmọ wí. Ebi kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rà wọ́n. Ní March 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó má mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ wọn dání mọ́. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́, wọn kò fẹ́ ọkàn tó wà nínú rẹ̀. Ní July 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn pa fún àwọn tuntun. Wọ́n ti rà tó.

Ẹni tó ń lọ kàwé ńkọ́? Láti February 2024, owó ìwòsàn nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ ń san £776 lọ́dún kó tó wọ ọkọ̀. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ ní 1973, pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan kò tó náírà méjì. Ní October 2024, ó kọjá 2,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, ìwé kò tíì kà, oúnjẹ kò tíì jẹ. Oko kòkó bàbá ni wọ́n ń tà fi san án. Kòkó lọ, oko lọ, ọmọ tẹ̀lé e.

KÍ LẸ FẸ́ ṢE?

A ti mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọ́n á ní, "Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí òyìnbó ti lọ, ẹ yéé di ẹ̀bi rù ú." Ó tọ́! Ohun tí a ń sọ gan-an nìyẹn. Ọgọ́ta ọdún ó lé ti tó láti gbé òṣùwọ̀n ẹni ró. Ẹni tó wà nípò fún ọdún mẹ́rin, tàbí mẹ́jọ, tí kò gbé e ró, kò lè sá sẹ́yìn Captain Bower.

Àwọn mìíràn á wá ṣe ìlérí ńlá. Gómìnà kò lè gbé ọjà kòkó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ìwé òfin 1999 padà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wà tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Gbígbé òṣùwọ̀n sí ọjà, kí àgbẹ̀ lè fi wọn kòkó rẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì, ọwọ́ rẹ̀ tó o. Àpò tí ẹ wọ̀n nílé tó pé, tó dé orí òṣùwọ̀n rẹ̀ tó dín, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gba owó lórí kòkó tó bá ń jáde. Ọ̀nà oko wo ni wọ́n fi ṣe? Ẹ gba ọ̀nà oko yín lọ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ gbà á lọ lójò, ẹ óò mọ èsì.

Ilé-iṣẹ́ kòkó wà ní Ẹdẹ. Kò jìnnà sí yín, ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Ọ̀fàtẹ̀dó yóò débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé kí kòkó má máa lọ lókè òkun ní èso mọ́, kí a lọ̀ ọ́ níbí, kí a yọ òróró rẹ̀ níbí, kí ọmọ wa ríṣẹ́ ṣe níbí. Èyí gan-an ni òyìnbó kò fẹ́ ní ọdún gbogbo tó fi jókòó: ó fẹ́ èso, kò fẹ́ ilé-iṣẹ́. Ìjọba kan dé, ó ní òun yóò jí i. Òmíràn dé, ó ní òun yóò jí i. Ọdún mélòó ni ilẹ̀kùn rẹ̀ fi wà ní títì? Òyìnbó kọ́ ló tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Òṣogbo.

Ẹgbẹ́ wa ti sọ tiwa, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè fi mú wa. Òṣùwọ̀n ìjọba yóò wà ní gbogbo ọjà tí wọ́n ti ń ra kòkó, kí àgbẹ̀ wọ̀n ọ́n níbẹ̀ kó tó gbé e fún ẹ́jẹ́ǹtì. Iye tí kòkó ń lọ lọ́jà ayé yóò máa jáde lórí rédíò ní èdè Yorùbá, láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi irọ́ rà á lọ́wọ́ yín. Ìwé owó wúrà yóò máa jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Owó tí a bá gbà lórí kòkó, ọ̀nà oko ni yóò kọ́kọ́ lọ sí.

Àwọn tó wà lórí àléfà yóò dé Ọ̀fàtẹ̀dó kí ìbò tó dé. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jó. Bí wọ́n bá jó tán, kí àgbà kan dìde, kó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó bi wọ́n nípa kọ́kọ́rọ́ Ẹdẹ àti ìwé wúrà Ìjẹ̀ṣà. Kí ẹ̀yin yòókù ló òṣó sí ẹnu géètì, kí mọ́tò wọn má rí ọ̀nà kọjá, títí wọn yóò fi dáhùn.